Màmá mi ní àwọn náà ń bọ̀ ní Tokyo: ọjọ́ 9 la ní, ẹ bá mi tún ètò yìí wò

Àdùnní_MCR:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Manchester ni mò ń gbé, pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń dá àjọ nítorí Japan, ó ku díẹ̀ kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ bá já bọ́ lẹ́nu mi níbi tí mo ti ń bá màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní "ìwọ àti ta?" Bó ṣe di èmi pẹ̀lú wọn nìyẹn. Màmá ti pé 67, Abẹ́òkúta ni wọ́n wà, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí mi rárá, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn.

Ohun tí mo tò kalẹ̀ rèé. Ká gbéra lọ́jọ́ 27 oṣù kẹrin, Tokyo ọjọ́ 2, Kyoto ọjọ́ 2, Nara ọjọ́ 1, Osaka ọjọ́ 1, Hiroshima ọjọ́ 1, ká padà sí Tokyo ká ra nǹkan ká máa lọ. Mo fẹ́ ra JR Pass, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo téèyàn fi ń wọ tíréènì káàkiri Japan, fún àwa méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ má bojú wẹ̀yìn.

Súlè_Saitama:
Ẹ kú ètò o, àǹtí. Saitama ni mò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ Tokyo níbẹ̀, bí ẹni ń gbé Mówè tó ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó ni, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ má bínú, ètò yìí á fìyà jẹ màmá.

Ẹ jẹ́ ká ti ìgbà tẹ́ ẹ mú bẹ̀rẹ̀. Láti 29 oṣù kẹrin títí wọ 5 oṣù karùn-ún ni wọ́n ń pè ní Golden Week, ọlidé ló ń tẹ̀lé ọlidé, gbogbo ará Japan ló ń rìnrìn àjò nígbà yẹn, owó hòtẹ́ẹ̀lì á fò sókè, ìjókòó inú shinkansen, tíréènì wọn tó ń sáré bí ọfà, á ti tán, ibi tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ ti lọ sinmi, èrò á ti kún un bámúbámú. Ẹ sún un jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ òdòdó ṣẹ́rì lẹ fẹ́ rí, ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ló máa ń yọ ní Tokyo, èrò náà ni. Oṣù kẹfà, òjò. Oṣù kẹjọ, ooru tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára bí aṣọ tútù, èmi tí mo dàgbà sí Ṣókótó ni mo ń sọ ọ́ o. Lójú tèmi, ìdajì kejì nínú November ló dáa jù. Òjò ti dá, otútù ò tíì le, ewé igi ginkgo á ti yí padà di pupa ẹyin ní gbogbo ẹ̀bá títì.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé Tokyo kì í ṣe ìlú tó ní àárín kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa lọ tẹ́ ẹ máa ní ẹ ti rí i. Ueno, Asakusa, Shinjuku, Shibuya, Ginza, Ikebukuro, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìlú fún ara ẹ̀. Ọjọ́ 2 níbẹ̀, ẹ kàn tọ́ ọbẹ̀ wò ni, ẹ ò tíì jẹun.

BàbáÌbejì:
Súlè, má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Èmi, ìyàwó mi, àtàwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà yẹn, ọjọ́ 8 la fi lọ Tokyo, Kyoto àti Osaka, kò sẹ́ni tó kú nínú wa. Láti Tokyo dé Kyoto, wákàtí 2 ó lé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni shinkansen. Ẹni tó ti wọ dánfó láti Ìyànà-Ìpájà dé Ọbáléndé rí, ìyẹn lẹ fẹ́ pè ní wàhálà?

Súlè_Saitama:
Bọ̀dá mi, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúnkún mélòó ló ń dun yín? Mi ò sọ pé wàhálà wà lára tíréènì. Ẹrù ni mò ń sọ. Kẹ́ ẹ dì í láàárọ̀, kẹ́ ẹ kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wọ́ báàgì gba inú sítéṣọ̀n tí èrò ń kọjá lọ kọjá bọ̀, kẹ́ ẹ dé ìlú kejì kí wọ́n ní ó dìgbà tí aago mẹ́ta bá lù kí wọ́n tó fún yín ní yàrá. Kéèyàn ṣe èyí ní ìgbà márùn-ún nínú ọjọ́ 9, pẹ̀lú ìyá ẹni.

JR Pass ńkọ́, ẹ má rà á. Òun ni gbogbo èèyàn ń rà tẹ́lẹ̀ torí 29,650 yen ni ti ọjọ́ 7, àmọ́ October 2023 ni wọ́n sọ ọ́ di 50,000. Àlọ àtàbọ̀ Tokyo sí Kyoto ò tó 30,000 tẹ́ ẹ bá san án lásán. Ẹ fi ọgbọ́n ìyá oníṣòwò ṣe ìṣirò ẹ̀.

BàbáÌbejì:
Ti JR Pass yẹn, mo gbà. 2019 la lọ, ó ṣì pọ́ọ́kú nígbà yẹn. Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan, a sọnù nínú sítéṣọ̀n Shinjuku. Ibẹ̀ ni wọ́n ní èrò ti ń kọjá jù láyé, ẹnu ọ̀nà tó jáde síta níbẹ̀ lé ní 200, a jáde níbi kan, a bá ara wa ní ìdojúkejì ibi tá à ń lọ, a padà wọlé, a tún jáde síbòmíràn, ìyàwó mi jókòó sórí báàgì ó ní òun ò lọ mọ́. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń lo Google Maps, ẹ wo nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó ní kẹ́ ẹ gbà, kì í ṣe orúkọ sítéṣọ̀n nìkan.

Alhaja_Ọṣòdì:
Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ìbéèrè tèmi rèé torí èmi náà fẹ́ lọ. Ṣé wọ́n ní omi nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn àbí bébà nìkan bíi ti London? Oúnjẹ ńkọ́, ṣé kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo ẹ̀?

Súlè_Saitama:
Alhaja, ẹ̀yin ni mò ń dúró dè! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Japan, ẹ jù bútà nù. Ìjókòó ẹ̀ ń gbóná fúnra ẹ̀, bọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ máa tẹ̀, omi á wá, ẹ lè sọ pé kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ lè sọ pé kó le tàbí kó rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ bọ́tìnnì tó ń dá a dúró kẹ́ ẹ tó tẹ èyí tó ń gbé e wá o, èmi ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi rin ṣòkòtò mi gbingbin. Ó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó wà ní ilé ìtajà ńláńlá, sítéṣọ̀n mìíràn náà ní i, ọ̀fẹ́ ni.

Ti oúnjẹ, òótọ́ ni pé kéèyàn ṣọ́ra. Omi ramen, ìyẹn núdù wọn, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é níbi púpọ̀, wọ́n sì máa ń fi mirin, tó jẹ́ ọtí ìrẹsì, sínú ọbẹ̀ láìsọ fún yín. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà ní Yoyogi-Uehara, Tokyo Camii, àwọn ará Turkey ló kọ́ ọ, 2000 ni wọ́n ṣí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ kírun níbẹ̀ ní Jímọ̀ kẹ́ ẹ bi àwọn èèyàn ibẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti ń jẹun.

Tẹ́ní_Káràkátà:
Ẹ dúró ná. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti Golden Week, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí àǹtí yìí sọ. Màmá wọn ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. ÌTÒKÚ! Kí ni aládìrẹ fẹ́ lọ wá ní Hiroshima fún odidi ọjọ́ kan nígbà tí àwọn aláró ń bẹ ní Tokyo?

Aṣọ ni mò ń tà, mo ti lọ sí Tokyo nígbà méjì. Òpópónà kan wà ní Nippori tí wọ́n ń pè ní Fabric Town, bíi 90 ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ni látòkèdélẹ̀, gìgísẹ̀ èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ má lọ ní Sunday, púpọ̀ nínú wọn máa ń tì. Tíréènì Skyliner tó ń bọ̀ láti Narita, pápákọ̀ òfuurufú, máa ń dúró ní Nippori kó tó dé Ueno, nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbé Ueno, ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí. Àwọn náà ń ṣe àdìrẹ. Shibori ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń fi okùn dì í bíi oníko tiwa, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán an bíi alábẹ́rẹ́. Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ìrẹsì sí lára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀, ẹ̀yin ẹ sọ fún mi kí ni ìyẹn bí kì í ṣe ẹlẹ́kọ. Ewé tí wọ́n ń lò kì í ṣe ẹlú tiwa o, ewé mìíràn ni, wọ́n á jẹ́ kó jẹrà fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó kó o sínú ìkòkò, omi eérú ni wọ́n fi ń gbé e dìde. Omi eérú! Nígbà tí mo rí i, mo pariwo, ọkùnrin tó ń fi hàn wá rò pé nǹkan ta mí ni.

Ibi wà ní Asakusa tí wọ́n ti máa ń gba àlejò láyè kó ti aṣọ tiẹ̀ bọ aró. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wọ shinkansen dandan, ẹ gbàgbé Kyoto, ẹ lọ sí Arimatsu, ẹ̀gbẹ́ Nagoya ló wà, láti 1608 ni wọ́n ti ń dì aṣọ níbẹ̀. Tokyo sí Nagoya ò tó wákàtí méjì, ẹ tún wọ tíréènì kékeré kan, ẹ lè lọ láàárọ̀ kẹ́ ẹ padà lálẹ́.

Àdùnní_MCR:
Tẹ́ní, mo ka eléyìí sókè fún màmá lórí fóònù, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní "omi eérú kẹ̀?" Wọn ò bèèrè nípa Kyoto mọ́.

Ó dáa, mo ti gbà. November, Tokyo ni gbogbo ẹ̀, Ueno la máa gbé, Arimatsu ọjọ́ 1 tí ara bá gbé e. Ìbéèrè tó kù: vísà màmá, oògùn orúnkún wọn, àti bí wọ́n ṣe máa rìn.

Ọ̀gbẹ́ni_Oògùn:
Oníṣègùn oògùn ni mí, ẹ jẹ́ kí n mú apá tèmi. Òfin Japan le lórí oògùn. Àwọn tó ní codeine nínú àti àwọn oògùn òtútù tó ní pseudoephedrine, tí wọ́n kàn ń tà lórí káńtà ní ìlú ọba, òdiwọ̀n wà fún un níbẹ̀, òmíràn ò tiẹ̀ gbọdọ̀ wọlé rárá. Oògùn tí dókítà kọ fún màmá, ẹ má kó ju ti oṣù kan lọ, nínú páálí ẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má tú u sínú ọ̀rá o, mo mọ àwọn màmá wa.

Ẹran náà. Kílíṣí, ẹran gbígbẹ, sọ́séèjì, gbogbo ẹ̀ ni wọn ò gbà wọlé, ajá tó ń gbóòórùn máa ń wà níbi tẹ́ ẹ ti ń gbé báàgì.

Súlè_Saitama:
Ti vísà: ẹ̀yin pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba, ẹ kàn máa wọlé, ọjọ́ 90. Màmá pẹ̀lú ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba vísà látọ̀dọ̀ ẹ́ńbásì Japan ní Àbújá. Wọ́n á fẹ́ rí ìwé báńkì, wọ́n á sì fẹ́ rí ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pé ọjọ́ báyìí a wà níbí, hòtẹ́ẹ̀lì báyìí la sùn sí, nítorí náà iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe níbí yìí ò ní já sí asán. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san owó, ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ̀yin ni, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rí pé ọmọ wọn ni yín sí i. Vísà tó jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan, oṣù 3 péré ló ní láti fi wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ má gbà á ní June fún November o. Ẹ má sì san owó tíkẹ́ẹ̀tì pátápátá kí vísà tó jáde.

Ti rírìn: ẹ máa rìn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Lífìtì wà ní sítéṣọ̀n ṣùgbọ́n ó lè wà lọ́wọ́ ìparí, ẹ wá àmì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé èrò. Ẹ sá fún tíréènì láàárín aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, wọ́n máa ń kó èèyàn sínú ẹ̀ bí ẹja inú agolo. Bàtà tí màmá á lè bọ́ láìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà fún wọn, torí wọ́n á máa bọ́ ọ níbi púpọ̀, kẹ́ ẹ sì bi ilé oúnjẹ bóyá wọ́n ní àga, àwọn kan ń jókòó sílẹ̀, orúnkún yẹn ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Káàdì Suica fún olúkúlùkù, Welcome Suica tí wọ́n ń tà fún àlejò ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 28, wọ́n á máa fi kan ẹnu géètì, píì, wọ́n ti wọlé, wọ́n lè fi ra omi náà. Kẹ́ ẹ ní owó pépà lọ́wọ́, ATM inú 7-Eleven ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè. Iná wọn 100 volt ni, ihò pẹlẹbẹ méjì, jọ́ọ̀gì tẹ́ ẹ gbé láti ilé ò ní gbóná dáadáa, ẹ fi sílẹ̀.

Alhaja_Ọṣòdì:
Ṣé kò séwu lálẹ́?

Súlè_Saitama:
Ewu kékeré ni, Alhaja, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dá tíréènì wọ̀ wà níbí. Ibi kan ni mo máa ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn wa. Kabukicho ní Shinjuku, àti Roppongi. Tó bá di alẹ́, ẹni tó ń fa èrò wọ ilé ọtí á dúró lójú títì, nínú wọn ọmọ Nàìjíríà wà, á rí yín, á kí yín lédè, inú yín á dùn pé ẹ rí ará ilé, ẹ má bá a wọlé o. Owó tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín kọjá àfẹnusọ. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé ká má tẹ̀ lé wọn.

BàbáÌbejì:
Kó ṣèèṣì bá màmá Àdùnní pàdé ni. Wọ́n á bi í lọ́mọ ta ni, wọ́n á sì ní kó wá gbé báàgì.

Súlè_Saitama:
Ó tún ku oúnjẹ tí mo fẹ́ kí màmá jẹ. Ẹ bèèrè tororo. Iṣu ni, wọ́n rìn ín ní tútù, ó ń yọ̀ ju ilá lọ, wọ́n máa ń dà á sórí ìrẹsì. Ilá náà, orúkọ ẹ̀ níbí ni okura. Mochi wà, ìrẹsì ni wọ́n gún nínú odó, odó gidi o. Natto sì wà, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó bà, òórùn ẹ̀ á sọ fún màmá pé ìbátan irú ni. Ará ìlú ọba máa ń sá fún un. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Ẹ̀gbá á sá.

---

Àdùnní_MCR (lẹ́yìn oṣù méje):
A ti dé o! Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Màmá gba vísà ní September, a pàdé ní Doha, wọ́n ti Lagos wá, èmi ti Manchester, ẹ wo bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú gèlè ní aago méjì òru.

Mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀. Skyliner dáa, bíi ogójì ìṣẹ́jú, Ueno dáa, yàrá wa kéré tó bẹ́ẹ̀ tá ò lè ṣí báàgì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, aago mẹ́ta òru ni màmá ń jí, wọ́n á máa kọrin ìsìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. A lọ sí tẹ́ńpìlì Senso-ji ní Asakusa ní aago méje àárọ̀ kí èrò tó dé, a gun ilé ìjọba ìlú Tokyo ní Shinjuku, ibi tí wọ́n ti ń wo ìlú níbẹ̀ ga tó mítà 202, ọ̀fẹ́ ni, a ò sanwó Skytree, ilé gogoro wọn. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa Shibuya ṣùgbọ́n màmá ní oríta lásán ni, Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, màmá fi 1,000 yen sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá fún wa, ọmọ yẹn sá tẹ̀ lé wa dé ìdí iná títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, ó tẹrí ba. Màmá náà kúnlẹ̀ díẹ̀. Ọmọ yẹn tún tẹrí ba sí i. Mo rò pé a ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Nippori, ọjọ́ 2 gbáko. Tẹ́ní, ẹ ò purọ́. Màmá ń ná ọjà. Mo ní "Màmá, wọn kì í ná ọjà níbí," wọ́n ní kí n dákẹ́, wọ́n gba ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ bàbá oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n tẹ iye tiwọn, bàbá rẹ́rìn-ín, ó tẹ iye tiẹ̀ padà, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Kò dín kọ́bọ̀ kan. Àmọ́ ó gé aṣọ náà, ó fi bíi ìdajì yáàdì lé e. Màmá ní "ṣó o rí i, èènì nìyẹn."

Ní Asakusa, níbi aró. Wọ́n fún wa ní ìbọ̀wọ́, màmá ò wọ̀ ọ́. Wọ́n sún mọ́ ìkòkò, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n wo ìfófòó orí ẹ̀, wọ́n ní kí n sọ fún ọ̀gá náà pé aró ẹ̀ ti yè dáadáa. Mi ò mọ bí mo ṣe máa túmọ̀ ẹ̀, mo fi fóònù sọ ọ́, ọ̀gá náà wo ọwọ́ màmá, ó wo ẹsẹ̀ èékánná wọn tí aró ti wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó na ọwọ́ tiẹ̀ síta. Tiẹ̀ náà rí bákan náà. Wọ́n dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń fi èékánná han ara wọn. Orúnkún ò jẹ́ ká lọ sí Arimatsu, ó wú lọ́jọ́ keje, a sinmi nínú ọgbà Ueno, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Tẹ́ní_Káràkátà:
Mo ti ń sunkún nínú ọjà níbí. Ẹ fi fọ́tò ọwọ́ yẹn ránṣẹ́.

Súlè_Saitama:
Tororo ńkọ́?

Àdùnní_MCR:
Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n bu natto lé e lórí, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n fà á wò. Wọ́n ní ata ló kù.